Ọjọ́ Tí Ọbẹ̀ Ìyá Wa Jó

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá wa ni òórùn náà ti wá pàdé mi. Ọbẹ̀ kan ń jó níbì kan. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé ilé aládùúgbò ni, torí ẹ̀dá kì í fẹ́ kí aburú jẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnì, tí mo rí èéfín tó ń rọra yọ jáde bí ẹni pé òun ló ni ilé, mo gbá báàgì mi mọ́ra, mo sì sáré wọlé láìbọ́ bàtà.

Ìkòkò ńlá wà lórí gáàsì, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ fòò. Mo pa iná. Mo ṣí ọmọrí, èéfín gbá mi lójú, omi sì bọ́ lójú mi. Ọbẹ̀ ẹran ni, ọbẹ̀ tí a fẹ́ fi jẹ ìrẹsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Òkè rẹ̀ ṣì pọ́n, ó ń dán, àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó lọ kan ohun tó le bí ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé a ti wọ gàù.

"Màmá!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. "Màmá o!"

Pálọ̀ ni mo bá a. Ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà kíṣìnì, ó ń lọ aṣọ tábìlì funfun kan tó fẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀, aṣọ tó wọ́n omi sí ń ṣe ṣìì lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń kun orin kan tí kò lórí tí kò nídìí. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

"O ti dé? Wá wo etí aṣọ yìí. Ṣé o rí i pé kò hunjọ rárá?"

"Màmá, ọbẹ̀ ti jó."

"Ọbẹ̀ wo?"

Orí mi gbóná. Ọbẹ̀ wo, kẹ̀! "Ọbẹ̀ tí ẹ gbé kaná ni!"

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ rẹ̀ lókè. Ó wò mí, ó wo ọ̀nà kíṣìnì, ó fa imú, èéfín tó ti kún ilé tipẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Háà," ló sọ. Ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ó sì ká aṣọ náà ní ìṣẹ́po mẹ́rin kó tó tẹ̀lé mi. Ta ló ń ká aṣọ nígbà tí ilé fẹ́ẹ́ jó? 

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara mi ò fi lélẹ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá wa fi tọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn, kò sí èyí tí kò gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó sì ń dá gbé nínú ilé tó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́. Bọ̀ọ̀dá, tó jẹ́ àkọ́bí, tó sì jẹ́ bíríkìlà, ní Màmá ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Ó ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ nílé rẹ̀, ó ti kùn ún, ó tilẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ háyà ilé yìí. Àǹtí, tó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá ló wà. Èmi nìkan ni mo ní rárá. Èmi ni àbíkẹ́yìn, onídìrí ni mí, Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, kì í sì í ṣe torí pé mo pupa. Mo bá wọn jà lórí fóònù títí ohùn mi fi ha. Nígbẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá ní ó dáa, kí Màmá pe gbogbo wa wá jẹun, kó sè é fúnra rẹ̀, ká jókòó, ká fojú ara wa rí i. Bí ohun gbogbo bá lọ déédé, òun á gbẹ́nu òun dákẹ́. Bí kò bá lọ déédé, kí n má bá òun jiyàn mọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní ṣú kí òun tó wá kó ẹrù. Mo ní mo gbà. A ò sọ fún Màmá pé ìdánwò ni o. A kàn ní ó ti pẹ́ tí a ti jọ jẹun.

Ìdánwò náà ló ń rú èéfín lórí gáàsì yìí.

"Màmá, báwo lẹ ṣe máa gbé ọbẹ̀ kaná, kẹ́ẹ wá lọ máa lọ aṣọ?"

"Ṣé orí tábìlì tó wà níhòòhò ni kí àwọn ọmọ mi ti wá jẹun ni?"

"Ṣé aṣọ ni wọ́n fẹ́ jẹ?"

"Mo ní kí n lọ ẹyọ kan péré," ló ní, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nu iwájú orí. "Ìgbà tó yá, mo rí àwọn aṣọ ìnuwọ́, mo ní kí n kúkú mú wọn mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Ṣé kí n wá fi ooru rẹ̀ ṣòfò ni?"

Ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ gbáà nìyẹn. Lójú ìyá wa, áyọ́ọ̀nù tó gbóná tí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo yọjú sí pálọ̀. Ó ti lọ aṣọ ìnuwọ́, ó ti lọ kọ́tìnnì, ó ti lọ àkísà tí a fi ń di ìkòkò mú pàápàá, ó sì tò wọ́n sórí àga bí ẹni tó pàtẹ ọjà. Gbogbo ìgbà tó ń ṣe ìyẹn, ọbẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

Ni mo bá la ẹnu mi tí kò ní kọ́kọ́rọ́. "Ẹ ti dàgbà, Màmá! Ẹ ti dàgbà! Ẹ ò lè máa ṣe nǹkan méjì pọ̀ mọ́, kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ gbà?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé ṣà. Ọ̀rọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá sọ gan-an nìyẹn, tí mo fi pa fóònù mọ́ ọn létí.  Ìyá wa wá àpótí kékeré ẹ̀bá ògiri, ó jókòó lé e, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. "Ó dáa," ló ní. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó, àmọ́ ojú títì kì í se ọbẹ̀. Mo kọjú sí ìkòkò.

Fóònù mi dún. Àǹtí ni.

"A ti wà lọ́nà o. Bọ̀ọ̀dá ló wá gbé mi. Ṣé kò sí ohun tí a máa rà bọ̀?"

"Ẹ má ra nǹkan kan! Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá kí wọ́n rọra wakọ̀. Kò sí kánjúkánjú."

"Kí ló dé tí ò ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

"Ilẹ̀ ni mò ń gbá."

"Ìwọ? O ń gbálẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Mo wá ìkòkò mìíràn. Mo rọra bu òkè ọbẹ̀ tó ṣì dáa sínú rẹ̀, ṣíbí kan tẹ̀lé òmíràn, mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi kan ìsàlẹ̀. Àwọn ẹran tó wà lókè bọ́ láìfarapa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti dúdú lápá kan. Mo kó wọn sórí pákó, mo fi ọ̀bẹ gé ibi tó jó kúrò lára wọn, èyí tó tóbi bí ọwọ́ di wẹ́wẹ́. Mo rẹ́ àlùbọ́sà, ojú mi ń ta, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà àti èyí tó jẹ́ ti ohun tí mo sọ sí ìyá mi. Mo din tòmátò àti ata tuntun, mo dà á mọ́ ọn. Mo da ṣúgà sí i, torí mo gbọ́ níbì kan pé ṣúgà máa ń bo èéfín mọ́lẹ̀. Mo ṣí gbogbo fèrèsé. Mo tan fáànù, fáànù gbé èéfín kíṣìnì lọ sí pálọ̀, mo tún sáré lọ pa á. Mo lọ, mo bọ̀, mo fi orúnkún gbá àga, mo bú àga náà.

Ìyá wa ò kúrò lórí àpótí. Kò sọ pé báyìí ni, kò sọ pé báyìí kọ́. Ó kàn ń wò mí bí oníbàárà tó jókòó tí wọn ò tíì dá lóhùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dùn mí ju èébú lọ. Ì bá bú mi, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.

Ọbẹ̀ tún hó. Mo bù ú, mi ò fẹ́ ẹ, mo tì í sẹ́nu. Yéè! Iná gidi ni. Mo ń fò sókè sódò, mo ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu, mo gbé omi tútù mu. Nígbà tí mo tún tọ́ ọ wò, mi ò gbọ́ adùn kankan. Mo fi iyọ̀ sí ahọ́n, bí ẹni fi iyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ ni. Ahọ́n mi ti kú. Ọbẹ̀ wà níwájú mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà lójú ọ̀nà, mi ò sì lè mọ̀ bóyá èéfín ti lọ tàbí kò lọ.

Mo yíjú padà. Ó ṣì ń wò mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

"Ṣé ẹni tó ti dàgbà ló máa tọ́ ọ wò?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ dákun. Ẹnu mi ló yára."

"Ìgbà wo ni ẹnu rẹ ò yára? Ọjọ́ tí mo bí ọ, kí wọ́n tó gbé ọ nílẹ̀ lo ti ń pariwo." Ó dìde, ó ti ara ògiri díẹ̀. "Mú ṣíbí wá. N ò bínú."

Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, ó fi sẹ́nu, ó di ojú. Mo di ọwọ́ mi mọ́ àyà. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọbẹ̀ wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n," ló ní. "Ṣúgà yìí ti pọ̀ jù. Ta ló kọ́ ọ? Èéfín ò lọ, ó kàn sá pamọ́ sẹ́yìn ata ni. Bọ̀ọ̀dá rẹ á rí i mú."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Kó o kọ́kọ́ sún."

Mo sún. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ó rẹ iná sílẹ̀ títí ó fi kù bí ojú àtùpà. Ó fi ata díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan pa ṣúgà mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló lọ sí pálọ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ìnuwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, èyí tó ń dán tó le gangan, ó rì í sínú omi tútù.

"Màmá! Aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ!"

"Ṣé o fẹ́ ọbẹ̀ ni àbí o fẹ́ aṣọ?" Ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé ẹnu ìkòkò, ó fà á le bí awọ, ó kó etí rẹ̀ sókè kó má kan iná. "Aṣọ tí áyọ́ọ̀nù bá jó, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ ha á. Tí o bá ha á, ó ya nìyẹn. Aṣọ tútù lo máa tẹ́ lé e, wàá sì dúró. Á fà á jáde fúnra rẹ̀. Ọbẹ̀ ò yàtọ̀."

"Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

"Dúró, kó o sì dákẹ́."

Dídúró kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo ń lọ wo ọ̀nà, mo ń padà wá wo ìkòkò. Nígbà tó ká aṣọ náà kúrò, àárín rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń rùn bí ẹni tó sùn ti ààrò. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ri òmíràn sómi, ó tún tẹ́ ẹ. Báyìí ló ń fi aṣọ rẹ̀ ṣòfò lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ tó tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí ọbẹ̀ jó, kò sì ṣẹ́jú. Nígbà tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó mi orí.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ló ní.

Mo fẹ́ẹ́ gbé e jó. Mo gbé ìkòkò tó jó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bu omi sí i, mo fi bàsíà bò ó. Mo kó àwọn aṣọ tó rùn bá a. Mo padà wá, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Màmá, ẹ dákun, tí wọ́n bá dé, ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà."

"Ọbẹ̀ la ń sọ ni, àbí èéfín?" Ó fọwọ́ tọ́ mi lórí. "Dìde, lọ fọ ojú rẹ. O rí bí ẹni tó wá pa iná."

Bí mo ṣe ń nu ojú ni mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ wọlé, ọ̀dà funfun ṣì wà létí èékánná rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó sì ti ń wo àjà ilé kó tó dìde tán. Ó fi ìka kan ògiri, ó kọ họọ. Àǹtí ní tirẹ̀ gbá Màmá mọ́ra, àmọ́ ojú nọ́ọ̀sì ló fi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀ bóyá ohun tó lè gbé ènìyàn ṣubú wà níbẹ̀. Mo dúró láàárín ọ̀nà kíṣìnì bí ọlọ́pàá.

"Kí ló ń rùn?" Bọ̀ọ̀dá bi wá.

"Áyọ́ọ̀nù ni," mo yára dáhùn. "Màmá lọ aṣọ tábìlì."

Ó wo tábìlì, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Lóòótọ́, aṣọ náà dára. A jókòó. Màmá bu ìrẹsì, mo bu ọbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn dé ìdí ìkòkò. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, Bọ̀ọ̀dá gbé ṣíbí. Ojú mi ń tẹ̀ lé ṣíbí náà láti inú abọ́ dé ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó tún bù ú, ó tún jẹ ẹ́, ó wo inú abọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

"Ata Wẹ́wẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá?"

"Ìwọ lo se ọbẹ̀ yìí."

"Èmi kọ́ o. Màmá ló sè é."

"Irọ́ ni. Ọbẹ̀ yìí ò jó."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Àǹtí náà tọ́ ọ wò dáadáa, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni! Kò jó! Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rántí? Ọbẹ̀ Màmá kì í ṣàì ní èéfín. Áyọ́ọ̀nù ní pálọ̀, ọbẹ̀ ní kíṣìnì. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ tí kò lóòórùn iná, mo rò pé wọn ò tíì sè é jinná ni!"

"Ẹran rẹ̀ ńkọ́?" Bọ̀ọ̀dá fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè. "Ìgbà wo ni Màmá gé ẹran wẹ́wẹ́ báyìí rí?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń làágùn. Èyí ò sí nínú ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀yìn wọn pátápátá ni mo dé. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n, Màmá ti ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn òde, Àǹtí ló sì ń dáná nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ọbẹ̀ ìyá wa, jíjó ló máa ń jó.

Ẹ̀rín kúrò lójú Bọ̀ọ̀dá. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. "Ata Wẹ́wẹ́, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Màmá. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń wá sè é fún wọn, tí ò ń bò wọ́n láṣìírí, a jẹ́ pé wọn ò lè dá a ṣe mọ́ nìyẹn. A ti jọ ṣàdéhùn. Ọ̀la ni màá wá kó ẹrù."

"Ẹ ò ní kó nǹkan kan!" Mo ti dìde, àga mi ṣubú. "Ẹ máa kó òkúta ni! Ẹ wá síbí láti wá jẹun tàbí láti wá dájọ́?"

"Jókòó," ni ìyá wa wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Mo ní kó o jókòó. Gbé àga yẹn dìde kó o tó jókòó."

Mo gbé e dìde. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ti ìyá wa mì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó lọ aṣọ, ó gbàgbé, ọbẹ̀ jó. Èmi ni mo bá a, àwa méjèèjì la jọ tún un ṣe. Ìkòkò náà wà lẹ́yìnkùlé. "Ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ pé ìdánwò lẹ gbé wá fún mi ni?" ló ní. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kì í rí àyè wá lọ́jọ́ kan náà?"

 Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Àmọ́ tí Ata Wẹ́wẹ́ ò bá tètè dé ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tí iná jó nílé ìwòsàn. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn."

 Òótọ́ ni ó sọ, inú sì bí mi pé òótọ́ ni.

"O ò parọ́," ni ìyá wa wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ọjọ́ wo ni ọbẹ̀ máa ń jó?"

"Ojoojúmọ́ ni, àfi ọjọ́ tí kò bá sí ọbẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá dáhùn.

"Ṣé ẹnì kan sọ nígbà náà pé mo ti dàgbà?"

"Rárá, Màmá. A máa ń ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún yín."

"Ọwọ́ kan náà ni. Áyọ́ọ̀nù kan náà ni. Kí ló wá yàtọ̀?"

Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti mú wọn. Mo ti fẹ́ẹ́ pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ìyá wa ò dúró gbọ́ èsì.

"Ohun tó yàtọ̀ ni pé, nígbà yẹn, tí ọbẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹnì kan á pariwo. Ìwọ, Bọ̀ọ̀dá, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ ọ. 'Màmá, ọbẹ̀ o!' Èmi á sáré, ẹ̀yin á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Mo lè lọ aṣọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa pè mí."

"Ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn," ni Bọ̀ọ̀dá sọ.

"Yàrá rẹ dára, ọmọ mi. Àmọ́ n ò fẹ́ ẹ. Ibí ni ilé mi."

"Ẹ gbọ́!" Mo fọwọ́ gbá tábìlì. "Ṣebí mo ti ń sọ ọ́! Màmá fẹ́ máa dá gbé nílé wọn!"

Ìyá wa yíjú sí mi. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ máa dá gbé?"

Ọwọ́ mi wà lórí tábìlì síbẹ̀.

"Mo ní n ò fẹ́ kúrò nílé mi. N ò sọ pé mo fẹ́ máa dá gbé inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lo ti ń jà fún mi. O jà, o jà. Ọjọ́ kan ṣoṣo, o ò bi mí."

 Mo rántí yàrá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun, níbi tí mo ti ń wọlé nígbà tó bá wù mí, tí kò sẹ́ni tó ń bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀. Bí Màmá bá lè dá gbé, èmi náà lè máa dá gbé lọ, kí ọkàn mi sì balẹ̀. Ohun tí mo ń jà fún nìyẹn, mo sì ń pè é ní ìfẹ́. Ó dùn mí dé egungun.

"Ta lẹ fẹ́ kó wá, Màmá?" mo bi í.

"Ẹni tó bá fẹ́ wá. N ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín."

Ó bu ìrẹsì díẹ̀ sí i, ó ń jẹun lọ. Bọ̀ọ̀dá ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ó gbójú sókè sí àjà. Àǹtí ń ṣe iṣẹ́ òru. Ó ń fi ìka tọ́ etí aṣọ tábìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwa mẹ́ta tí a ti ń pariwo lórí ìyá yìí láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó pariwo mọ́. Ìró ṣíbí Màmá nínú abọ́ nìkan là ń gbọ́, mo sì mọ̀ pé bí ìró yẹn bá pẹ́ sí i, ohun kan láàárín wa á bàjẹ́ tí aṣọ tútù kankan ò ní lè fà jáde.

"Màá wá," mo sọ. Mo yára sọ ọ́, kí n má bàa ráyè rò ó.

"Má fi ìbínú wá o."

"Kì í ṣe ìbínú."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú, Màmá. Àmọ́ màá wá."

Ó mi orí. Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣàdúrà, kò dúpẹ́. Ó ṣa ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi kọjá orí tábìlì, ọbẹ̀ sì ń kán sórí aṣọ funfun náà. Kò wo aṣọ náà rárá, èmi ló ń wò, títí mo fi gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì jẹ ẹ́.